Ègún 370: ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí nọ́ńbà lọ́rùn

Ẹ bá àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń fi ta tẹ́tẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: running back tó bá gbé bọ́ọ̀lù tó ìgbà 370 ní sáà kan, ó ti parí fún un. Bí ọdún bá yípo, àfi kó fara pa, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ru ọlọ. Wọ́n tilẹ̀ fún un lórúkọ: Ègún 370.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀: running back ni ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn, tí quarterback, ẹni tó ń darí eré ikọ̀ náà tó sì máa ń ju bọ́ọ̀lù, á ki bọ́ọ̀lù sí níkùn, tí òun á sì forí lé àárín àwọn géńdé tí àwọn kan nínú wọn wúwo ju 130 kílò lọ. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé e lulẹ̀. Á dìde, á gbọn koríko kúrò lára, wọ́n á tún ki bọ́ọ̀lù sí i níkùn. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ká wá ṣe é ní ìgbà 370 láàárín oṣù mẹ́rin! Abájọ tí ọ̀rọ̀ náà fi tètè wọni létí. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn ẹlẹ́rìí wọn kò sì kéré. Jamal Anderson gbé e ní ìgbà 410 fún Atlanta ní 1998. Ọ̀sẹ̀ kejì sáà 1999 ni orúnkún rẹ̀ já. Larry Johnson gbé e ní ìgbà 416 ní 2006, kò sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 2007, ìdíje mẹ́jọ péré ló gbá kí ẹsẹ̀ tó dá a jókòó. Ọmọ Nàìjíríà wa pàápàá, Christian Okoye tí wọ́n bí ní Enugu, tó jẹ́ pé sísọ discus ló gbé e dé Amẹ́ríkà, gbé e ní ìgbà 370 géérégé fún Kansas City ní 1989. Yáàdì 1,480 ló sá, kò sẹ́ni tó sá tó o lọ́dún náà. Ní 1990, ó já sí 805.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí tí wọ́n fẹ́ràn jù, Terrell Davis ti Denver, ká bi í léèrè dáadáa. Ìgbà 392 ló gbé bọ́ọ̀lù ní 1998, ó sì sá 2,008 yáàdì. Nínú ìdíje kẹrin sáà 1999, pẹ̀lú ikọ̀ Jets, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. Báwo ló ṣe bàjẹ́? Quarterback wọn ju bọ́ọ̀lù, ọ̀tá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gbé e sá lọ. Davis yí padà láti lé e mú. Ibi tó ti ń lé e ni ẹlẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ ti já lu orúnkún rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá! Kí ni ìgbà 392 ti ọdún tó kọjá wá wá síbẹ̀?

Àwọn tí wọn kì í pè wá jẹ́rìí wá ńkọ́? Eric Dickerson gbé e ní ìgbà 390 ní 1983, ọdún tó kọ́kọ́ wọ NFL, líìgì àgbà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Lọ́dún kejì ó tún gbé e ní ìgbà 379, ó sì sá 2,105 yáàdì. Ó tún ṣe 404 ní 1986 àti 388 ní 1988. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi gégùn-ún fún ọkùnrin yìí, ó ṣì ń sáré. Walter Payton ṣe 381 ní 1984. Ní 1985 ó sá 1,551 yáàdì, Chicago sì gba ife. LaDainian Tomlinson ṣe 372 ní 2002. Lọ́dún kejì ó sá 1,645, ó sì tún gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i ní ìgbà 100.

Ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an rèé. Awakọ̀ tó bá lọ Kánò tó bọ̀ ní ìgbà ogójì láàárín ọdún kan, ohun tí ìyẹn kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé mọ́tò rẹ̀ kò kú sọ́nà lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ ni 370 ṣe rí. Ẹni tó fara pa ní oṣù kẹwàá kò lè débẹ̀. Ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ ń pàdánù, ó máa ń ṣòro kó tó débẹ̀, torí ikọ̀ tí wọ́n ń nà, jíju bọ́ọ̀lù ló máa ń gbájú mọ́. Ọdún tí gbogbo nǹkan ṣe ẹnuure fún un la mú, tí a wá ń fi ọdún kejì wé e. Ọmọ tó gba ipò kìíní, ibo ló tún fẹ́ gùn lọ? Ẹ lọ wo àwọn tó gbé e ní ìgbà 300 péré, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn náà máa ń relẹ̀ lọ́dún kejì. Ta ló ṣépè fún àwọn yẹn?

Ẹ tún wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí kò jẹ́ 360? Edgerrin James gbé e ní ìgbà 369 ní 1999. Lọ́dún 2000 ó tún gbé e ní ìgbà 387, òun ló sì sáré jù ní gbogbo NFL. Ṣé ègún mọ ìṣirò tó fi lè yọ ẹ̀ẹ̀kan kúrò ni?

Mi ò sọ pé iṣẹ́ kì í pa ara o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ki bọ́ọ̀lù sí èèyàn níkùn ni ewu wà, ẹni tó bá sì gbé e lọ́pọ̀ ìgbà ti fi ara rẹ̀ wewu lọ́pọ̀ ìgbà, nínú sáà yẹn gan-an. Ọjọ́ orí náà ń bẹ níbẹ̀. Curtis Martin ti pé ọdún 31 nígbà tó ṣe 371 ní 2004. Orúnkún rẹ̀ ò gbà fún un mọ́ ní 2005, ó sì parí síbẹ̀. Ẹni ọdún 31 nídìí iṣẹ́ yìí, bó ṣe 250 gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ á máa bà mí.

Derrick Henry ṣe 378 ní 2020. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́dún 2021, làwọn elégùn-ún bá ń jó. Lọ́dún 2022 ó sá 1,538 yáàdì. Ní 2024, ó ti pé ẹni 30 ọdún, ó wọ aṣọ Baltimore, ó sì sá 1,921.

Jay Ajayi tiwa, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò súnmọ́ 370 rí ní NFL. Ìgbà 260 ni èyí tó pọ̀ jù tó gbé bọ́ọ̀lù ní sáà kan. Orúnkún tó ti já nígbà tó wà ní yunifásítì ló ba àwọn ikọ̀ lẹ́rù ní 2015, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ikọ̀ NFL ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele-ìpele, ìpele karùn-ún ni Miami tó mú un. Ní 2018, lẹ́yìn ìgbà 45 péré ní sáà náà, iṣan orúnkún tún já.