Owó Ni Mo Ń San Kí N Tó Jókòó Wò Wọ́n

Ẹ̀yin ará Ìkéré, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lẹ́yìn mi nígbà tẹ́ ẹ ń bu ọbẹ̀. Ẹ ní, "Ṣé kó lè lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ló ṣe lọ Amẹ́ríkà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Jíjókòó ọ̀hún niṣẹ́ náà. Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí tó burú níbẹ̀: wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Èmi ni mò ń sanwó fún wọn! Lóru mo máa ń tọ́jú àwọn arúgbó, owó arúgbó ni mo fi ń san owó yunifásítì tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, yunifásítì á wá ní kí n lọ máa wo àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14, kí n má sọ̀rọ̀.

Bàbá, ẹ má mi orí. Mo mọ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbí ni mo ti gba NCE, kí wọ́n tó sọ ọ́ di yunifásítì. Mo mọ̀ pé mo kọ́ JSS 1 ní ìṣirò, ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá kan, fáànù kò sí, ṣọ́ọ̀kì kò tó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Maryland, ìpínlẹ̀ tí mo wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n fi sátífíkéètì mi sínú fáìlì, wọ́n ní kí n lọ tẹ̀ka. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá! Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀daràn ni mí kí n tó sún mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn dáa, mi ò bá wọn jà. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, mo tẹ agogo, kámẹ́rà wò mí tẹ̀sẹ̀tẹ̀sẹ̀, wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀, wọ́n tẹ àwòrán mi sórí bébà kékeré kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà. Kóòtù àti táì ni mo wọ̀ o. Ọmọ kan wò mí lókè nílẹ̀, ó ní bàbá àgbà ta ni mí.

Kíláàsì 6, 7 àti 8 ló wà níbẹ̀, bíi JSS tiwa. Ṣùgbọ́n níbí, ọmọ ló máa jókòó, tíṣà ìṣirò á jáde, tíṣà Yorùbá á wọlé. Lọ́hùn-ún, tíṣà ló ni yàrá, àwọn ọmọ ló ń rìn kiri. Agogo á dún, gbogbo ilé-ìwé á tú síta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa kọ lu ara wọn, agogo á tún dún, ìta á pa lọ́lọ́.

Láàárọ̀ wọ́n máa ń ka ìbúra sí àsíá. Gbogbo wọn dìde, ọkùnrin kékeré kan jókòó, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo wo tíṣà. Tíṣà ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé láti 1943 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn ti dá a pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi túláàsì mú ọmọ ilé-ìwé kí àsíá. 1943, Bàbá! Wọn ò tíì bí ẹ̀yin gan-an. Ẹ wá rántí ohun tójú wa rí lọ́wọ́ yín tá a bá mira nígbà orin orílẹ̀-èdè.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní ohun tójú bá rí nìkan ni kí n kọ, kì í ṣe èrò ọkàn. Mo kọ ọ́ pé, "Ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé." Ó fa igi lé e lórí, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ilé, ojú rẹ rí i?" Mo wá kọ ọ́ pé, "Ọmọ náà dìde lẹ́ẹ̀mẹrin láti lọ gbẹ́ pẹ́ńsù tó ti mú ṣáṣá." Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣì dá mi lójú pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Tíṣà pín iṣẹ́. Ọmọ kan wò ó lójú kòrókòró, ó ní kò wu òun láti ṣe é lónìí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Òfin Maryland ò gbà kí tíṣà na ọmọ, torí náà ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Obìnrin náà ní, "Mo gbọ́. Èwo lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ḿbà kìíní àbí ìkẹta?" Ọmọ náà ronú, ó ní ìkẹta. Ó sì ṣe é! Ó rò pé òun ló borí.

Èyí tó fẹ́ pa mí ni ìdákẹ́jẹ́. Tíṣà ní, "Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àti ìdajì, èwo ló pọ̀ jù?" Ó bá panu mọ́. Fọ́ọ̀mù sì ní kí n ka iye sẹ́kọ́ǹdì tó fi dúró. Onímọ̀ kan, Mary Budd Rowe, ló ṣèwádìí rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: ọ̀pọ̀ tíṣà kì í dúró ju bíi sẹ́kọ́ǹdì kan lọ kí wọ́n tó já ọ̀rọ̀ gbà. Bí wọ́n bá ní sùúrù tó mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á lanu. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, ẹ rò pé ó kéré? Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi ń wá pàṣán tí kò sí níbẹ̀. Ìdáhùn dé ètè mi, mo gbé e mì. Níbí, kí sẹ́kọ́ǹdì kan tó pé, Bàbá ti pe èèyàn ní olódo, wọ́n ti fi ìran rẹ̀ kún un. Ọmọ kan wà ní kọ̀rọ̀ tó fi fìlà bojú, mo ti kọ sí fọ́ọ̀mù pé ó ń… rárá, pé "ojú rẹ̀ wà ní pípadé". Òun ló sọ̀rọ̀ lábẹ́ fìlà: "Ìdajì márùn-ún ni méjì ààbọ̀, mẹ́ta jù ú lọ."

Ẹ ní irọ́ ni? Ó dáa. Ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá, èyí tó wà ní JSS 1. Bàbá, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ ná.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀? Ìbéèrè tó dáa. Kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o. Ení… Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ètè sọ fún un! Èjì… Bàbá, ojú yín yẹn ju pàṣán lọ, ẹ wo ibòmíì. Ẹ̀ta…

1996! Ẹ gbọ́ bí?

Kí lẹ wí, Bàbá? Oṣù wo? Ọjọ́ wo? Lábẹ́ ìjọba ta? Háà, ìbéèrè mẹ́ta láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan! Ọmọ, má sá, padà wá síbí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ìjọba Abacha ni, ó ti…

Ìyá Ìbejì, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?