Kábáìdì tí wọn ò bá wa sọ ní kíláàsì

Ní 200 level ni wọ́n ti kọ́ wa pé tí kábáìdì bá pàdé omi, gáàsì acetylene ló máa yọ. Mo kọ equation yẹn sílẹ̀, mo bálánsì ẹ̀, mo gba máàkì mi. Lọ́dún yẹn kan náà, àǹtí mi tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní Ọjà Ọba l'Ádòó-Èkìtì níbí, ń ra kábáìdì lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà, á fi bébà wé e, á kì í sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, á da tapólì bò ó kó lè tètè pọ́n. Èmi tí mò ń gbé nílé ẹ̀, tí mò ń bá a ru apẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, mi ò so méjèèjì pọ̀ láé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo rò pé kábáìdì ọjà yàtọ̀ sí ti inú ìwé ni.

Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé kò dáa. Àǹtí bá pè mí, ó ní "Ùwọ tó ń ka kẹ́mísìrì, ṣé òótọ́ ni pé májèlé ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ calcium, mo sọ hydroxide, obìnrin yìí wò mí títí, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo bi ọ́." Mi ò lè dáhùn. Mo mọ̀ pé gáàsì máa yọ, mi ò mọ̀ pé gáàsì yẹn ló ń tan ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ bíi pé ethylene tí èso fúnra ẹ̀ máa ń yọ ló dé. Mi ò sì mọ̀ pé kábáìdì tí wọ́n ń tà kiri kì í mọ́, pé arsenic àti phosphorus máa ń wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa. Kò sí nínú handout.

Èmi náà ti di tíṣà kẹ́mísìrì báyìí, ọ̀rọ̀ yìí ò sì kúrò lọ́kàn mi. Àwa Èkìtì tí wọ́n máa ń ní kò sílé tí èèyàn ò ti ní rí purofẹ́sọ̀, mélòó nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì wa ló ti dé ìdí igbá ọlọ́jà rí?

Tí mo bá sọ báyìí, àwọn kan á ní ṣebí GST wà, àwọn kọ́ọ̀sì General Studies tí gbogbo ọmọ yunifásítì máa ń ṣe. GST kẹ̀! Nígbà tiwa, ogunlọ́gọ̀ ọmọ nínú họ́ọ̀lù kan, makirofóònù tó ń han bí ewúrẹ́, a ra handout, a ṣe objective, ó tán síbẹ̀. Ohun tó tọ́ àtohun tí ò tọ́ ti wá di nǹkan tí wọ́n ń kọ́ ní họ́ọ̀lù, kẹ́mísìrì wà ní lábù tiẹ̀, wọn ò kí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun wọn, jáde tí wọ́n ní kí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 2023, torí ìdá 70 nínú 100 ni wọ́n là sílẹ̀, wọ́n ní kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fúnra ẹ̀ wá nǹkan fi sí 30 tó kù. 30 yẹn ni ojú mi wà lára ẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá tún lọ fi dá kọ́ọ̀sì tuntun kan sílẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní Sáyẹ́ǹsì àti Àwùjọ, tí wọ́n wá fi sí ọ̀sán Fráídé, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Inú kẹ́mísìrì gan-an ni mo fẹ́ kó wà, lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ kábáìdì.

Àbí ẹ wo jẹ́nótáìpù. Gbogbo ọmọ báyọ́lọ́jì ló lè ya àpótí mẹ́rin yẹn, AS pẹ̀lú AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin á jẹ́ SS, ìyẹn àrùn sickle cell. Ó dáa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gboyè o, pé táwọn tọkọtaya bá ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni, oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tiẹ̀. Kíláàsì tó bá dúró lórí àpótí mẹ́rin nìkan ò ní bá àṣìṣe yìí pàdé, ìgbà tẹ́ ẹ bá mú ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan wọlé tí pásítọ̀ ní òun ò ní so wọ́n pọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn ọmọ yẹn. Lọ́dún 2023 náà, ìlú ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún jíìnì inú ara ẹni ṣe fún ẹni tó ní SS, iye tí wọ́n dá lé e l'Ámẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwa tí àrùn yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa jù, ta ló máa rà á fún wa? Ìbéèrè báyọ́lọ́jì nìyẹn náà, lójú tèmi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Kano. 1996, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ gan-an, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé bí 200 nígbà tí àrùn meningitis ń jà níbẹ̀, wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì ní oògùn mìíràn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, oògùn kọ́. Àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Nínú ẹ̀sùn náà, wọ́n tún ní oògùn kejì yẹn, Pfizer dín ìwọ̀n ẹ̀ kù kí Trovan lè dáa lójú. Lọ́dún 2009 ni Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kano kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń kọ́ nípa ìwọ̀n oògùn tí ò gbọ́ èyí, kí ló kọ́? Ẹ̀sùn yẹn ò ṣeé gbọ́ yé láìmọ ìṣirò dose, ìṣirò dose ò sì ní ìtumọ̀ kankan tẹ́ ẹ bá yọ ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ kúrò nínú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní pólì ní mo ń ṣe fàájì. Ó ní gáàsì ò sí ní lábù àwọn, Bunsen burner ti dípẹtà, èmi ń sọ̀rọ̀ ìwà. Mo gbọ́ ẹ. Àmọ́ èyí gan-an ò gba owó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù nínú àpò mẹ́ta: ọ̀kan pẹ̀lú kábáìdì (kí tẹkinọ́lọ́jíìsì wọ gíláàfù o, ká má sun ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ), ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, ọ̀kan dá wà. Ẹ ka ọjọ́. Lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ lọ sọ́jà, kí wọ́n béèrè ìdí tí wọ́n fi ń lò ó, kí wọ́n gbọ́rọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Tó bá di ìdánwò, ìbéèrè kan péré: ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ọlọ́jà lédè tó gbọ́. Tó bá ṣeé ṣe, kí ìyá náà jókòó síbẹ̀, kó fún wọn ní máàkì. Màá fẹ́ wo ojú àwọn first class wa lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù, kí léṣọ́rà má sọ ọ́ di ìwàásù. Àwọn ọlọ́jà ò burú, ọ̀bẹ ló wà lọ́rùn wọn.

Torí mo padà lọ bá àǹtí mi. Mo ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n mélòó kan sáàárín tútù, kó bò ó. Ó gbìyànjú ẹ̀, ó pọ́n lóòótọ́. Ó ní ṣùgbọ́n kábáìdì, ọjọ́ méjì, tèmi yìí gba ọjọ́ mẹ́rin, àwọn tí wọ́n jọ ń tà ti tà tán, owó àjọ ò dúró dè é, "ta ló máa san ọjọ́ méjì tó lé yẹn fún mi?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn lọ fáwọn ọmọ SS3 mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kíláàsì lulẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kí gbogbo ọlọ́ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọjà yẹn pa kábáìdì tì lọ́jọ́ kan náà, kó má bàa jẹ́ ẹnì kan péré ló máa jẹ gbèsè. Mo sọ fún àǹtí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n mú ọmọ yẹn wá bá ìyálọ́jà ní Sátidé.