Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún ahéré ìgbafẹ́ yín

Ẹ ǹlẹ́ o, Mà. Mo ka ohun tí ẹ kọ látòkè délẹ̀ kí n tó dáhùn. Ẹ ní oṣù 16 péré lẹ́yìn tí a kọ́ ahéré ìgbafẹ́ sí àgbàlá yín n'Íbàdàn ni òrùlé ti ń jò, tí ọparun ń da ìyẹ̀fun sórí tábìlì àlejò, nígbà tí ẹ sì pè wá, ₦190,000 la dá lé àtúnṣe. Ẹ wá ní a gba owó ahéré tán, a tún fẹ́ máa gba owó ìjò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Kòkòrò ló ń lu ọparun yín, ẹ̀bi wa sì ni. Ọparun tó gbó dáadáa, tí a gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a rì sínú omi borax, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ igi, kí a tó sá a gbẹ, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a jà. Tiyín kò rí omi oògùn kankan. Ẹ fẹ́ kí ahéré ti dúró kí Àjíǹde 2023 tó dé nítorí ọjọ́ ìbí Dádì, ọjọ́ sì ti sún mọ́ wa jù, mo ní kò burú. Ó burú. Èmi ni oníṣẹ́, èmi ló yẹ kí n sọ pé kò lè bọ́ sí i. Nítorí náà, ₦68,000 tó jẹ́ ti ọparun nínú iye tí a pè, ẹ yọ ọ́ kúrò. A ò ní gbà á.

Ẹ̀bi ti òrùlé ni mi ò ní gbà. Imọ̀ ògùrọ̀, ìyẹn ewé ògùrọ̀ tí a fi bo ahéré yín, kì í ṣe páànù, Mà. Ó fẹ́ kí òrùlé ga ṣóńṣó kí omi lè tètè ṣàn kúrò lórí ẹ̀, ó sì fẹ́ oòrùn tí yóò máa gbẹ ẹ́. Ẹ ní kí a rẹ òrùlé sílẹ̀ kó má baà dí fèrèsé òkè, a sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni igi máńgòrò tó bò ó. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi gorí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewé tó ti jẹrà níbẹ̀ tó ohun tí wọ́n fi ń gbin tòmátì. Abẹ́ ewé yẹn gan-an ni ibi tó ń jò.

Àwọn tó ń ka èyí lè máa rò pé a ti jèrè rẹpẹtẹ lára yín, ẹ jẹ́ kí n ṣírò ẹ̀ ní gbangba. ₦520,000 lẹ san. Ọparun gba ₦90,000. Imọ̀ híhun 220, ní ₦500 ẹyọ kan, ₦110,000. Òpó tíìkì mẹ́fà, ₦54,000. Sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́fà, ₦27,000. Ọkọ̀ tó kó ẹrù, ₦45,000. Okùn, ìṣó àti oògùn ikán, ₦14,000. Àwọn ọmọ mẹ́rin fi ọjọ́ márùn-ún ṣiṣẹ́ ní ₦6,000 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦120,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦60,000, mo sì ti fi díẹ̀ nínú ẹ̀ ra kádì tí mo fi ń pe àwọn tó ń ta imọ̀.

Nísinsìnyí imọ̀ kan ti di ₦900. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, awakọ̀ tó ń bá wa kẹ́rù kò tún gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Imọ̀ 80 tí a ó fi pààrọ̀ èyí tó jẹrà jẹ́ ₦72,000, ọkọ̀ ₦30,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦20,000. ₦122,000 nìyẹn, òun náà sì ni ẹ máa san.

Ohun tí mi ò sọ fún yín nígbà náà, tó sì yẹ kí n sọ, ni pé lọ́dọọdún kí òjò tó dé, ẹ ní láti gbá òrùlé, kí ẹ tún okùn tó tú so, kí ẹ fín oògùn ikán sí ìdí òpó, kí ẹ sì fi imọ̀ tuntun di ibi tó bá ti fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ṣe é déédéé, ó lè tó ọdún mẹ́ta kí ẹ tó pààrọ̀ gbogbo òrùlé. Ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ pàápàá, ọdọọdún ni wọ́n ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ilé. Kì í ṣe pé káfíńtà ààfin kò mọṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí, páànù ni kó lò, kó sì fara da ooru ọ̀sán àti ariwo òjò. A ti ń kọ owó ìtọ́jú sára ìwé iye owó báyìí kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló fà á.

Ọparun tí a máa gbé wá ti wà lọ́wọ́ wa láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó sì ti mu oògùn. Bí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ọjọ́ méjì ti tó wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn kí àwọn ọmọ tó dé. Èso ẹ̀ kúkú ti tán.