Àròtúnrò Kọ́ Ni Oògùn Ìbànújẹ́

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ni. Òun ni pé bí nǹkan bá dun èèyàn, kó jókòó tì í, kó máa rò ó síwájú sẹ́yìn, kó tú u wò fínnífínní títí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá rí ìdí rẹ̀, ìrora á tán. Ó jọ ọgbọ́n lóòótọ́. Ẹni tó ń ronú, ṣebí ojútùú ló ń wá? Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú gbogbo ohun tó ń sọ ìbànújẹ́ ọjọ́ kan di ti ọ̀pọ̀ ọdún, n kò rò pé ọ̀pọ̀ wà tó lágbára tó àròkàn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Ẹnìkan sọ̀rọ̀ sí yín lọ́sàn-án, gbólóhùn kan péré, ó bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ṣú, ẹ dùbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ dé. Ẹ dá a lóhùn nínú ọkàn. Èsì yẹn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa á tì, ẹ wá èyí tó mú jù ú lọ. Ẹ ti ń payín keke láìmọ̀, èjìká yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Láti orí gbólóhùn kan yẹn, ọ̀rọ̀ ti dé orí ohun tí ẹlòmíì ṣe fún yín nígbà kan rí, láti ibẹ̀ ó di "kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa ń ṣe báyìí sí?" Aago méjì òru ti lù. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ti sùn tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Gbogbo ìyókù, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ sí ara yín.

Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 2013, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà kan, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a dán an wò. Òun àti Jannay Morrow ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford ní California léèrè bí ọkàn wọn ṣe rí àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí inú wọn bá bàjẹ́. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1989, ilẹ̀ mì tìtì lágbègbè San Francisco. Wọ́n padà lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ 137 lẹ́yìn ọjọ́ 10, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7. Àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa ń jókòó ti ìbànújẹ́ ni ìsoríkọ́ bá jù, kódà nígbà tí wọ́n ti yọ bí ọkàn kálukú ṣe rí kí ilẹ̀ tó mì kúrò nínú ìṣirò.

Ẹnìkan lè ní: ó dáa, ó ń dunni, àmọ́ ó kéré tán ó ń lani lójú. Èyí gan-an ni irọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Ní 1995, Nolen-Hoeksema àti Sonja Lyubomirsky mú àwọn tí inú wọn ò dùn, wọ́n ní kí àwọn kan fi ìṣẹ́jú 8 ronú nípa ara wọn àti bí nǹkan ṣe rí lára wọn, kí àwọn yòókù fi ìṣẹ́jú 8 ro nǹkan mìíràn tí kò kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìṣòro àárín èèyàn sí èèyàn síwájú wọn pé kí wọ́n yanjú rẹ̀. Ojútùú àwọn tó ro ara wọn kò dáa tó ti àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n darí ọkàn wọn síbòmíì ṣe dáadáa bíi tàwọn tí inú wọn ò bàjẹ́ rárá. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló ń dí ọgbọ́n lọ́wọ́. Àròkàn ló ń bò ó mọ́lẹ̀, tó sì ń fi yé wa lákòókò kan náà pé a ti ń lóye. Àwọn àgbà kò ṣèwádìí kankan kí wọ́n tó sọ pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá.

Èmi ò sọ pé kéèyàn má ronú o. Ẹni tó jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ ronú bí yóò ṣe san án. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọkàn ni kí ẹ wò. "Kí ni mo máa ṣe lọ́la?" lópin; á di ìpè kan, á di ìrìn kan, á tán. "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" kò ní èsì tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn láé, torí náà alaalẹ́ ni yóò máa padà wá.

Ìmọ̀ràn kejì tí gbogbo èèyàn ń gbà wá náà kò sàn: "Gbé e kúrò lọ́kàn." Ta ni kò bá ti gbé e kúrò? Ní 1987, Daniel Wegner, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní kí àwọn kan má ṣe ro béárì funfun fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n lu agogo bó bá wá sí wọn lọ́kàn. Agogo kò sinmi. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè láti rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí wọn ò dá lẹ́kun rárá lọ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò le, àmọ́ ó ṣàjèjì: kí èèyàn ká èrò náà mọ́ ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Bí ohùn ọ̀sán yẹn bá tún dé lóru, ẹ má bá a jà, ẹ má sì dá a lóhùn. Ẹ kàn sọ fún ara yín pé, "Àròkàn ti dé nìyẹn." Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara yín. Níbo gan-an ló ti ń dùn yín? Àyà ni? Ọ̀fun ni? Ṣé ó ń gbóná ni àbí ó ń fún? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa kíyè sí èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Kò ní pẹ́ tí ọkàn á fi sá padà sídìí ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ má bá a wí. Rírí tí ẹ rí i pé ó ti sá lọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń rò pé àwọn ti kùnà. Ẹni tó ń sọ pé "mi ò wúlò," àti ẹni tó rí i pé èrò kan dé tó ń pe òun ní aláìwúlò, ibì kan náà kọ́ ni wọ́n dúró sí.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan ni pé bí àwọn bá jáwọ́ nínú àròkàn, àfi bíi pé àwọn ti dá ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n láre, tàbí pé àwọn ti gbàgbé òkú àwọn. Jíjáwọ́ nínú àròkàn yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹkún tó yẹ kéèyàn sun, kó sun ún. Ẹjọ́ tó yẹ kó pè, kó pè é.

Wọ́n ti gbé ọ̀nà yìí lọ sí ilé ìwòsàn. Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn ní irú àṣàrò bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà ní 1979, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ìrora ti bá gbé pẹ́. Orí iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí mẹ́ta, John Teasdale, Zindel Segal àti Mark Williams, dúró sí nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 kalẹ̀ fún àwọn tí ìsoríkọ́ ti ṣe rí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2000. Láàárín ọ̀sẹ̀ 60, nínú àwọn tí àìsàn náà ti kọlù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sára 66 nínú 100 àwọn tí wọn ò kọ́ ní ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ 37 nínú 100 ló padà sí lára àwọn tó kọ́ ọ. Àwọn tí kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ara gbogbo wọn ló sì ti yá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ìsoríkọ́ ṣì dì mú lọ́wọ́ báyìí, tí kò lè jẹun tàbí sùn, dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ rí.