Kì í ṣe òótọ́ pé graphics card tuntun ló ń sọ ti tẹ́lẹ̀ di owó pọ́ọ́kú

"Má tíì rà á, dúró kí tuntun jáde." Kò sí ẹni tó fẹ́ ra graphics card, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú skríìnì, tí kò ní gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé lọ́jọ́ tí Nvidia tàbí AMD, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, bá kó káàdì tuntun jáde, a ó rí i rà ní iye tí wọ́n pè é, ti tẹ́lẹ̀ yóò sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní èrò ibi lọ́kàn, ire ẹni ni wọ́n ń wá. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọjà ti já ọ̀rọ̀ yìí ní koro lọ́pọ̀ ìgbà, owó ńlá sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbára lé e. Ó ń dùn mí, torí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹni tó ń ra káàdì fún fàájì. Wọ́n ń fi gé fídíò ni, tàbí kí wọ́n máa fi Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ wọn á sì dúró gbagidi nítorí iye kan tí kò ní wá.

Ìgbàgbọ́ náà kò dédé wáyé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, kéde GTX 1080 ní $599 àti GTX 1070 ní $379 ní ìlú Austin, Texas. Ó ní 1070 yìí yára ju Titan X lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, $1,000 ni wọ́n gbé Titan X jáde lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí káàdì náà dé ọwọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì jọ ń fẹsẹ̀ wọnsẹ̀ lóòótọ́. Iye GTX 980 Ti àlòkù, tó jẹ́ ti ìran tó ṣáájú, já wálẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn tó wà nídìí géèmù nígbà náà kò gbàgbé rẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n rí lọ́dún yẹn ni wọ́n sì fi ń gba ẹlòmíràn níyànjú títí dòní.

Síbẹ̀, lọ́dún tó dáa yẹn náà, kò sí 1070 kankan ní $379 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dọ́jà. Founders Edition, èyí tí Nvidia ń tà lórúkọ ara rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síta, $449 sì ni. Ti 1080 jẹ́ $699. Iye kékeré tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún, ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń to káàdì fún Nvidia ni, tiwọn sì di ẹ̀yìn kó tó dé.

Lọ́dún 2018, RTX 2080 Ti jáde. Ìlú Cologne ní Jámánì ni wọ́n ti kéde rẹ̀, wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ láti $999, ṣùgbọ́n $1,199 ni Founders Edition. GTX 1080 Ti tó ń rọ́pò kò ju $699 lọ nígbà tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká 2080 Ti, tó wá dúró de RTX 2080 tó kéré sí i, san $699 ó kéré tán, ó sì bá irú eré tí 1080 Ti ti ń sá láti ọdún kan àbọ̀ pàdé nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Gbogbo oṣù tó fi dúró kò dín nǹkan kan kù nínú owó rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọdún 2020. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, Huang bọ́ sórí fídíò láti inú ilé ìdáná rẹ̀, torí àsìkò Kòrónà ni. Ó kéde RTX 3080 ní $699 àti RTX 3070 ní $499, ó ní 3070 yára ju 2080 Ti lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó fi nǹkan bí $1,200 ra 2080 Ti ti ń sáré tà á ní $500, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Èrò wọn ni pé bó bá fi lè di ọjọ́ kejì, kò ní tó iye yẹn mọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni 3080 bọ́ sọ́jà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti tán. Àwọn alárobọ̀ ti fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń rajà fúnra rẹ̀ gbá a lọ, káàdì $699 sì di ìlọ́po méjì lórí eBay. Bí ọdún ṣe ń parí lọ, iye Ethereum, ọ̀kan lára owó kírípítò, ń gòkè, àwọn tó ń fi graphics card wa owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo káàdì tí ọwọ́ wọn bá tó. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, owó orí 25% tí Amẹ́ríkà ti yọ̀ǹda lórí káàdì tó ń bọ̀ láti Ṣáínà tún padà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Lọ́dún 2021 yẹn, 2080 Ti àlòkù ń lọ ní iye tó ju $1,000. Ẹni tó ta tirẹ̀ ní $500 nítorí pé "tuntun ti dé" kò ní káàdì lọ́wọ́, kò rí tuntun rà, owó tó wà lápò rẹ̀ kò sì tó ra èyí tó tà padà.

Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025. Ní Las Vegas, ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, Huang ní RTX 5070 tó jẹ́ $549 yóò ṣe bíi RTX 4090, èyí tó jáde ní $1,599. Ohun tó fi ṣe ìṣirò yẹn ni ètò tó máa ń fi AI hu àwòrán mẹ́ta sáàárín àwòrán kọ̀ọ̀kan tí káàdì yà fúnra rẹ̀. Yọ ìyẹn kúrò, 5070 kò sún mọ́ ibi tí ariwo gbé e dé. Àwọn èèyàn tún ń dúró kí 4090 já wálẹ̀. Kò já. Nvidia ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró kí ọdún 2024 tó parí, ìwọ̀nba tó kù sì ń gbówó lórí ni. RTX 5090 tí wọ́n pè ní $1,999 bọ́ sọ́jà lọ́jọ́ ọgbọ̀n oṣù náà, ó tán, àwọn alárobọ̀ sì ń bèèrè ju $3,000 lọ.

Kí ló dé tó fi ń rí bẹ́ẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iye tí wọ́n ń pè níbi ìkéde, ìmọ̀ràn ni. Kò sí òfin tó de ilé iṣẹ́ tó ń to káàdì tàbí ọlọ́jà tó ń tà á. Kò sì ní owó orí nínú pàápàá, ẹni tó wà ní London á fi VAT 20% kún un kó tó gbé e lọ sílé. £1,939 ni 5090 kan náà jẹ́ níbẹ̀ nígbà tó jáde.

Ìdí kejì ló wúwo jù. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbé ọjà tuntun jáde kì í jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ kún ilẹ̀. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń dín in kù, kí àtẹ lè mọ́ kí tuntun tó dé. Nítorí náà, ọjọ́ tí gbogbo wa ń retí pé kí káàdì àtijọ́ pọ̀ yanturu, ọjọ́ náà gan-an ló máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Bí ẹni tó ń dúró de àìsùn Iléyá kí àgbò tó wálẹ̀ ni. Ẹ lọ bá oníṣòwò kan ní Ọtigba, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà, kẹ́ ẹ sọ fún un pé tuntun ti jáde, kó dín owó ti tẹ́lẹ̀. Kò ní ro iye tó fi rà á, iye tí yóò fi kó òmíràn wọlé ni yóò rò. Bí àwọn tó ń kó ọjà fún un kò bá ní i mọ́, kò sí ìdí tí yóò fi tà á ní pọ́ọ́kú. N kò bá a wí, bí òwò ṣe ń lọ nìyẹn.

Ìdí kẹta ni pé àwa tó ń ra káàdì sínú kọ̀ǹpútà ilé kọ́ ni oníbàárà pàtàkì mọ́. Nínú ọdún ìṣúná Nvidia tó parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, géèmù mú $12.46 bílíọ̀nù wọlé, dátà sẹ́ńtà, ìyẹn àwọn ilé ńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà jọ sí, mú $10.61 bílíọ̀nù. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, dátà sẹ́ńtà ti di $115.2 bílíọ̀nù, géèmù ṣì wà ní $11.35 bílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ló ń ṣe ṣíìpù fún apá méjèèjì. Ẹni tí àyè ò gbà tó níbẹ̀, tó sì lè tà fún èyí tó sanwó jù, kò ní torí tiwa sáré ṣe káàdì géèmù lọ́pọ̀ yanturu. Ní ìparí ọdún 2025, àwọn dátà sẹ́ńtà AI yìí kan náà ló gbé iye mẹ́mórì lọ sókè, mẹ́mórì sì wà lórí gbogbo graphics card.

Ní ti àwọn tó ń sọ iye káàdì lórí YouTube kó tó jáde, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wọn ṣètò owó yín. Nígbà tí EVGA, ọ̀kan lára àwọn tó ń to káàdì fún Nvidia, fi òwò graphics card sílẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ara ẹ̀dùn ọkàn ọ̀gá wọn, Andrew Han, ni pé àwọn tó ń to káàdì fún Nvidia pàápàá kì í mọ iye rẹ̀ títí wọn yóò fi kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Lọ́dún 2019, AMD ti kéde RX 5700 XT ní $449. Ó ku ọjọ́ méjì kó bọ́ sọ́jà ni wọ́n sọ ọ́ di $399. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Nvidia fagi lé RTX 4080 oní-12GB tó ti kéde ní $899, ó sì gbé e padà wá bí RTX 4070 Ti ní $799. Bí àwọn tó ni ọjà bá ń yí ọkàn padà báyìí, kí ni ẹni tó ń wo fọ́tò bọ́ọ̀dù tó jò síta fẹ́ mọ̀?

Káàdì máa ń wálẹ̀ lóòótọ́, n kò sọ pé kì í wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń gbé e wálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, graphics card kò wúlò fún wíwa á mọ́, àwọn tó kó o jọ sì dà á sójú ọjà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, RTX 4080 Super jáde ní $999, ó fi $200 dín sí 4080. Ìdí ni pé 4080 ti wà lórí àtẹ láti ọdún kan tí kò tà dáadáa. Ní oṣù yẹn kan náà, 4070 wálẹ̀ láti $599 sí $549. Ohun tí àwọn tó dúró fún oṣù mẹ́sàn-án láti ìgbà tó jáde jèrè kò ju $50 lọ.

Fún àwa tó ń fi náírà tọ́jú owó, dídúró pàápàá ní owó tirẹ̀. RTX 4060 jáde ní $299 ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí CBN tó fi náírà sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà, nǹkan bí ₦471 ni dọ́là kan jẹ́ ní iye ìjọba. $299 yẹn kò tíì tó ₦141,000. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500, $299 kan náà ti di ₦448,500 kí wọ́n tó fi owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò kún un. Mo mọ̀ pé iye ìjọba kọ́ ni àwọn oníṣòwò fi ń rí dọ́là, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lójú títì náà kò dúró lójú kan. Ká ní káàdì náà tiẹ̀ fi $50 wálẹ̀ láàárín àsìkò yẹn, ẹni tó kó náírà rẹ̀ pamọ́ dè é ò ní mọ̀.

Bí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá ti dá ọjọ́, tí kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́, tí wọ́n sì ń ta ti tẹ́lẹ̀ ní iye kíkún, ẹ lè dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ sì ń dúró dè yín, iye tó wà lórí àtẹ lónìí ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wo bí mẹ́mórì orí káàdì ṣe tó, torí 8GB ti ń há fún ọ̀pọ̀ géèmù tuntun àti fún iṣẹ́ Blender tó bá nípọn. Ẹ rí i pé power supply yín gbé e. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kó fi iṣẹ́ tó lágbára sí i fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú yín. Ẹ tẹ́tí sí fáànù rẹ̀ bóyá ó ń pariwo, ẹ wo ojú skríìnì bóyá ìlà tàbí àmì tó-tò-tó ń yọ, ẹ sì wo ẹnu ibi tí wáyà iná ti ń wọlé bóyá ó ti jó dúdú, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.