Ọlánrewájú kì í ṣe "owó ń lọ síwájú" o

Ìkómọ kan ni mo lọ l'Ádó-Èkìtì níbí, wọ́n sọ ọmọ ní Ọlánrewájú, ni ẹni tó ń darí ètò bá gbé máíkì, ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé owó ìdílé yìí á máa pọ̀ sí i, gbogbo wa ṣe àmín. Àdúrà yẹn dáa, èmi náà ṣàmín, àmọ́ orúkọ ọmọ yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí torí ohun tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, pé ọlá ni owó.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lọ̀ pọ̀. Ọlà, tí ohùn ìparí ẹ̀ lọ sílẹ̀, òun ni ọrọ̀, ara "là" ló ti wá, bá a ṣe ń sọ pé lágbájá ti là, ó ti kọ́lé, ó ti ra mọ́tò. Ọlá tí ohùn ẹ̀ gòkè, iyì nìyẹn, àpọ́nlé, ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dìde fún èèyàn tó bá wọlé. Owó máa ń fa iyì wá lóòótọ́, ibẹ̀ ló ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Àmọ́ ẹ gbọ́ òwe yìí ná: ọlá àbàtà ní í mú odò ṣàn, ọlá baba ọmọ ní í mú ọmọ yan. Àbàtà ò lówó kankan, omi tó ń ti odò lẹ́yìn ni òwe ń pè ní ọlá. Àwa tá à ń pe Èkìtì ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ó yẹ kó tètè yé wa.

Fóònù tún wá dá kún un, "ola" lásán là ń tẹ̀, ọ̀la tó jẹ́ ọjọ́ kejì náà á wá jọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ Àjàyí Crowther ti ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìwé ẹ̀ ti 1852.

Ohun tó wù mí jù nínú àwọn orúkọ yìí ni pé wọ́n gbà pé ọlá ti wà nílé kí ọmọ tó dé. Ọlábísí, ọlá bí sí i, ti tẹ́lẹ̀ wà, òmíì tún bá a. Ọlánrewájú, iyì tá a bá nílẹ̀ ò dúró sójú kan. Bàbá bàbá ọmọ tá a kó jáde lọ́jọ́ náà, àgbẹ̀ ni, owó iṣu ló fi rán àwọn ọmọ ẹ̀ níléèwé, kò là rí títí tó fi kú, ọlá tiẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọ yẹn lórúkọ.