Èèpo Ọsàn Tí À Ń Dà Sí Gọ́tà
Mo ka ìròyìn yín tó sọ pé èròjà tí wọ́n fà jáde lára èèpo èso lè dá àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń mú kí nǹkan bu, dúró lára irè oko, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú mi, nítorí èèpo ni igi fi ń dáàbò bo èso rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni òróró tó máa ń ta sí wa lójú bí a bá ń bó ọsàn wà. Ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, èèpo tí àwọn ìyá ọlọ́sàn ń fi ọ̀bẹ bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ a ti kún agbọ̀n kí oòrùn tó kan àtàrí, inú gọ́tà ni ó sì ń bá lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé kí a kàn se èèpo náà kí a wọ́n omi rẹ̀ sára tòmátì ti tó: òjò kan ṣoṣo lè fọ̀ ọ́ dànù, bí ó bá sì ki jù, ó lè jó ewé. (Mo dán an wò lára ata ẹ̀yìnkùlé mi, etí ewé rẹ̀ gbẹ.) Ìbéèrè mi ni pé, ṣé omi lásán ni àwọn tí ẹ ròyìn wọn fi fa èròjà náà jáde lára èèpo ni àbí ọtí líle? Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, nítòsí Abẹ́òkúta níbí, kò ní owó ọtí líle tí yóò máa wọ́n sára ata.